Pop-up, ẹ̀bùn, àbí ẹ̀dínwó: èwo ni kí ẹ fi gba íméèlì àlejò tó yà sí ìkànnì yín?

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Twitter ní tirẹ̀ ti wà ní títì pa ní Nàìjíríà láti oṣù kẹfà ọdún náà, ìjọba ò sì ṣí i títí di ọjọ́ 13 oṣù kìíní 2022. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta àdìrẹ l'Abẹ́òkúta pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí WhatsApp dákẹ́ yẹn. Aṣọ ẹbí ti ṣetán, àwọn tó ni ín wà ní London àti Houston, orí WhatsApp sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọn wà. Ó ní, "Àbúrò mi, ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà rí wọn bá sọ̀rọ̀ ni?" Kò sí. Ìkànnì wà o, àwọn èèyàn ń wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, wọ́n ń wo aṣọ, wọ́n ń jáde lọ. A ò gba àdírẹ́sì íméèlì ẹnì kankan rí.

Látìgbà náà ni mo ti fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ yìí. Orí ìkànnì mẹ́ta ni mo ti dán àwọn ọ̀nà tí mo fẹ́ fi wéra yìí wò: ti ẹ̀gbọ́n mi, ti ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà ní Yorùbá, àti tèmi tí mo ń kọ ìtàn ìlú àti oríkì sí. Ọ̀nà tó gbè wá lórí ọ̀kan já wa kulẹ̀ lórí èkejì, ó sì pẹ́ kí n tó mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní irú èèyàn tó ń kó wá. Ẹni tó bá ti mọ irú èèyàn tó ń wá á mọ ọ̀nà tí yóò mú.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Irú èèyàn yẹn gan-an ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ nítorí pé ohun tí ẹ ń ṣe wù ú, àti ẹni tó forúkọ sílẹ̀ kí àpótí kan ṣáà lè kúrò lójú rẹ̀, inú àkójọ kan náà ni wọ́n máa wà. Ẹ ò ní dá wọn mọ̀ títí ẹ ó fi kọ lẹ́tà kejì tàbí ìkẹta.

Lẹ́yìn náà ni owó, mo sì ka àkókò mọ́ owó. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń báni fi íméèlì ránṣẹ́ ló ní apá ọ̀fẹ́. Brevo ń jẹ́ kí ẹni tí kò sanwó fi íméèlì 300 ránṣẹ́ lóòjọ́. Ní ti Mailchimp, bí orúkọ inú àkójọ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni owó ń gòkè. Ẹni tí kì í ka lẹ́tà yín, tí ẹ sì fi sílẹ̀ sínú àkójọ, ń jẹ owó yín lóṣooṣù nìyẹn, owó dọ́là sì ni. Gbogbo wa la rántí bí ọ̀pọ̀ báǹkì ṣe dá káàdì náírà dúró lórí ọjà òkè òkun lọ́dún 2022. Ẹ má fi owó ra èrò tí kò fẹ́ gbọ́ yín.

Ẹ̀kẹta ni bóyá lẹ́tà yín á dé ibi tí ẹ rán an sí. Láti oṣù kejì 2024, Gmail àti Yahoo ti le mọ́ àwọn tó ń fi íméèlì ránṣẹ́ lọ́pọ̀. Gmail ní kí ẹni tó ń fi tó 5,000 ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà òun lóòjọ́ fi SPF, DKIM àti DMARC, àwọn ètò tó ń fi ẹni tó rán íméèlì hàn, jẹ́rìí pé òun lòun ni orúkọ tí òun ń lò, kó fi bọ́tìnì síbẹ̀ tí èèyàn á tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tí orúkọ rẹ̀ á kúrò, kí àwọn tó ń ké sí Gmail pé "spam lèyí" (lẹ́tà tí èèyàn ò béèrè) má sì dé 0.3%. Ìyẹn ni pé nínú lẹ́tà 1,000, ẹni mẹ́ta péré ti tó láti kó yín sí wàhálà. Ẹ lè sọ pé ẹ ò ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún oníbàárà. Àwọn kéékèèké náà ní láti ní SPF tàbí DKIM, ẹni tí wọ́n bá sì ń fi ẹ̀sùn kàn á máa bá ara rẹ̀ nínú spam láìka bó ṣe kéré tó.

Òfin ló kù. Láti oṣù kẹfà 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tirẹ̀ lórí ààbò ìsọfúnni àwọn aráàlú, Ìlú Ọba àti Yúróòpù sì ti ní tiwọn ṣáájú. Ohun tí gbogbo wọn ń béèrè lọ́wọ́ oníṣòwò kékeré kò le: ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi àdírẹ́sì náà ṣe, ẹ gba àṣẹ, kí ẹni tó gbà lónìí sì lè kọ̀ lọ́la.

Mi ò fi iye tó ṣí lẹ́tà ṣe ìwọ̀n. Láti oṣù kẹsàn-án 2021 tí Apple ti gbé iOS 15 jáde, àpù Mail wọn lè kó àwòrán inú lẹ́tà, èyí tí wọ́n fi ń ka iye tó ṣí i, wọlé fúnra rẹ̀, kí onífóònù tó fojú kàn án. Lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni ò kà á wá dà bí èyí tí wọ́n ṣí. Iye tó tẹ línǹkì, iye tó fèsì, iye tó rajà, àwọn ni mo ń wò.

Pop-up

Àpótí tó ń yọ síni lójú nígbà téèyàn ń ka nǹkan lọ́wọ́ ni mò ń wí. Ethan Zuckerman, ẹni tó kọ kóòdù ìpolówó pop-up nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Tripod láàárín ọdún 1990 sí 1999, tọrọ àforíjì ní gbangba lórí rẹ̀ lọ́dún 2014. Fèrèsé ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀ máa ń ṣí, ti òde òní orí ojú ewé náà ló ń dúró sí, àmọ́ bó ṣe ń bí èèyàn nínú kò tíì yí padà.

Síbẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín: lórí ìkànnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó kó orúkọ jọ kíákíá bíi rẹ̀. Gbogbo ẹni tó wọlé ló ń rí i. Owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan, torí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ íméèlì ló ti fi í mọ́ ohun tí wọ́n ń fúnni.

Ìgbà tó ń yọ ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ wò ó báyìí: oníbàárà yà sí ìsọ̀ yín ní Ìtòkú, kò tíì fọwọ́ kan aṣọ kankan, ẹ ò tíì kí i káàbọ̀, ẹ wá dúró sí iwájú rẹ̀ pé kó kọ àdírẹ́sì ilé rẹ̀ sílẹ̀. Á yí padà ni. Bí pop-up tó yọ ní ìṣẹ́jú àáyá kejì ṣe rí nìyẹn. Google pàápàá kò fẹ́ ẹ. Láti ọjọ́ 10 oṣù kìíní 2017 ni wọ́n ti sọ pé ojú ewé tó bá fi àpótí bo ọ̀rọ̀ mọ́ni lójú lórí fóònù, nígbà téèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ìwákiri wọlé, lè rẹlẹ̀ nínú èsì ìwákiri. Èyí tó gba ìwọ̀nba àyè nísàlẹ̀, tó sì rọrùn láti pa dé, kò ní wàhálà yìí.

Àwọn kan á gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ lo irú èyí tó ń yọ nígbà tí àlejò bá fẹ́ jáde. Lórí kọ̀ǹpútà, ó gbọ́n: ó ń ṣọ́ atọ́ka eku, tí ìyẹn bá ti ń gòkè lọ síbi téèyàn ti ń pa ojú ewé dé, á yọ. Ṣùgbọ́n fóònù kò ní eku, orí fóònù sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn èèyàn wa ti ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó ń dúró kí àlejò ka ojú ewé dé ìdajì ló bá wa lára mu. Kẹ́ ẹ sì ṣètò rẹ̀ pé tí ẹnì kan bá ti pa á dé, kò gbọ́dọ̀ rí i mọ́ fún oṣù kan ó kéré tán.

Mo fojú ara mi rí ohun tí àìbìkítà lè fà níbí. Mo gbé pop-up sórí ìkànnì ẹ̀gbọ́n mi, mo wò ó lórí fóònù tèmi, ó dára. Mi ò wò ó lórí fóònù kékeré. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ìyá kan pè láti Ìbàdàn pé ìkànnì yín ti tì pa o, òun ò rí aṣọ kankan. Àmì tí wọ́n fi ń pa á dé ti bọ́ sẹ́yìn ojú fóònù ìyá náà. Mi ò mọ iye àwọn tí kò ní nọ́ńbà wa, tí wọ́n kàn bá tiwọn lọ.

Fóòmù tó dúró sójú kan

Òdìkejì pop-up nìyí. Kò yọ sí ẹnikẹ́ni lójú. Orúkọ tó ń mú wá kéré, ó sì lè pẹ́ kó tó pé ọgọ́rùn-ún. Àmọ́ ẹni tó ka ìtàn kan dé ìsàlẹ̀, tó bá fóòmù níbẹ̀, tó sì kọ ọ́, kì í ṣe pé ẹ gbá a mú. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lórí ìkànnì tèmi, àwọn tó gba ibí wọlé ni wọ́n ń kọ̀wé padà sí mi, tí wọ́n ń sọ oríkì ilé baba wọn tí mi ò mọ̀.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni pé wọ́n á gbé e sí ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà tẹlifóònù àti àmì Facebook, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kì í dé. Ìparí ọ̀rọ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Kẹ́ ẹ tún fi ọ̀kan sí ojú ewé tí ẹ ti sọ nípa ara yín, torí ẹni tó ń ka ìtàn yín ti ń fẹ́ mọ̀ yín ná.

Ọ̀rọ̀ orí bọ́tìnì náà ṣe pàtàkì. "Forúkọ sílẹ̀" kò sọ nǹkan kan. "Ẹ fi ìtàn ọ̀sẹ̀ yìí ránṣẹ́ sí mi" sọ ohun tó ń bọ̀. Orúkọ àti íméèlì ti tó. Tí ẹ bá béèrè ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà fóònù àti ìlú, èèyàn á máa rò ó pé kí lẹ fẹ́ fi ṣe. Kí ẹni tó kọ ìkànnì yín rí i dájú pé àyè íméèlì náà jẹ́ irú "email" nínú HTML (èdè tí wọ́n fi ń kọ ojú ewé), kí àmì @ lè hàn lórí bọ́tìnì ìtẹ̀wé fóònù. Kẹ́ ẹ sì máa ṣọ́ "gmail.con" àti "gmial.com". Irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ máa ń dá lẹ́tà padà ni, àwọn tó ń gba lẹ́tà wọlé, bíi Gmail, sì ń ka lẹ́tà tó ń padà mọ́ ìwà àwọn oní-spam.

Ẹ̀bùn

Ẹ fún wa ní íméèlì yín, a ó fún yín ní nǹkan: ìwé PDF, ẹ̀kọ́ kékeré, ohùn, fídíò. Èyí ni mo fẹ́ràn jù, òun náà ló sì rọrùn jù láti ṣe láṣìṣe.

Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ olùkọ́ fi ìwé PDF aládọ́ta ọ̀rọ̀ Yorùbá bẹ̀rẹ̀: orí, ojú, imú, àga, ṣíbí. Àwọn òbí rọ́ wá. Wọ́n gba ìwé náà, wọ́n sì lọ. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, ìwọ̀nba díẹ̀ ló tẹ nǹkan nínú rẹ̀. A jókòó rò ó. Ìwé náà parí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kò sì sí ohun tó ń mú wọn retí lẹ́tà ọ̀la. Ló bá yí i padà sí ẹ̀kọ́ ọjọ́ méje. Lójoojúmọ́, lẹ́tà kan, ohùn tí kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ìbéèrè kan fún ọmọ. Ọjọ́ kẹta ni ohùn tó ti ń pe igba, igbá, igbà àti ìgbà tẹ̀ léra wọn, kí ọmọ tó ń gbé ní Peckham lè gbọ́ bí ohùn ṣe ń sọ nọ́ńbà di igbá tí à ń fi bu omi, tó tún ń sọ ọ́ di okùn tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í fèsì. Àwọn kan gba ohùn ọmọ wọn sílẹ̀, wọ́n fi ránṣẹ́ padà. Nígbà tí ọjọ́ méje pé, lẹ́tà rẹ̀ kì í ṣe àjèjì nílé wọn mọ́, ẹ̀kọ́ tó ń gbowó lé lórí kò sì ṣòro láti dárúkọ fún wọn.

Látibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀bùn tó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ sàn ju èyí tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan, torí ó ń kọ́ ẹni tó forúkọ sílẹ̀ láti máa ṣí lẹ́tà yín.

Ẹ̀bùn sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ ohun tí ẹ ń ṣe. Tí ẹ bá ní ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lè jẹ fóònù tuntun, gbogbo ẹni tó ń fẹ́ fóònù ló ń bọ̀, àdìrẹ kò sì sí lọ́kàn wọn. Fún ẹ̀gbọ́n mi, ohun tó ṣiṣẹ́ ni ojú ewé méjì péré lórí bí a ṣe ń tọ́jú aṣọ ẹ̀lú: omi tútù, ọṣẹ tí kò le, kí wọ́n fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, kí wọ́n sá a síbi tí oòrùn ò ti pa á. A fi àlàyé díẹ̀ kún un lórí ìyàtọ̀ àdìrẹ oníko tí wọ́n fi okùn dì àti àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ ya àwòrán rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa wá ìyẹn àfi ẹni tó ti ní àdìrẹ tàbí tó fẹ́ ra á.

Owó rẹ̀? Fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀, àti òpin ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má so fáìlì ńlá mọ́ íméèlì. Línǹkì ni kẹ́ ẹ fi sínú rẹ̀, kí dátà ẹni tó gbà á má bàa jóná lórí ohun tí kò tíì fẹ́ ṣí. Kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ síbi fóòmù pé lẹ́tà mìíràn á máa tẹ̀ lé ẹ̀bùn náà. Ẹni tó rò pé ìwé kan lòun gbà, tó wá ń rí lẹ́tà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, yóò ké spam, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni.

Ẹ̀dínwó fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀

Àwọn olùtajà fẹ́ràn èyí, àmọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣírò. Ká ní ìdìpọ̀ àdìrẹ kan jẹ́ ₦30,000, tí èrè orí rẹ̀ sì jẹ́ ₦6,000. Ẹ̀dínwó 10% jẹ́ ₦3,000. Ẹ ti fi ìdajì èrè ra àdírẹ́sì kan nìyẹn, bóyá lọ́wọ́ ẹni tí ì bá ti rà á lówó tí ẹ pè é tẹ́lẹ̀. Àwọn mìíràn á tún lọ ṣí íméèlì kejì kí wọ́n lè gba ẹ̀dínwó náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Oníbàárà tó bá sì ti mọ̀ pé ẹ̀dínwó ń bọ̀ kì í rajà mọ́ títí yóò fi dé.

Ó yẹ ẹni tó ń ta ohun tí èèyàn ń rà lemọ́lemọ́, tí èrè rẹ̀ sì nípọn: ọṣẹ, òróró ìpara, oúnjẹ inú ike. Àwọn oníbàárà wọ̀nyí á padà wá rà á ní iye owó tó pé. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣe aṣọ díẹ̀díẹ̀ ní ohun tó dára jù ú lọ tí kò ná an ní kọ́bọ̀: kó jẹ́ kí àwọn tó wà nínú àkójọ rí aṣọ tuntun ní ọjọ́ kan ṣáájú ayé tó kù. Nígbà tó bá jẹ́ ogún péré ni aṣọ, tí oṣù kejìlá sì ń sún mọ́lé, ọjọ́ kan yẹn níye lórí ju ₦3,000 lọ.

Àyè ìfàmìsí níbi ìsanwó

Tí ẹ bá ń lo Paystack láti gba owó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sí owó tó lè wọlé láìsí íméèlì ẹni tó san án. Ìyẹn ni pé àdírẹ́sì àwọn oníbàárà yín ti wà lọ́wọ́ yín. Ìdánwò ńlá wá ni.

Mo ṣubú sínú rẹ̀. Mo kó gbogbo íméèlì tó ti ibi ìsanwó wọlé, mo dà á sínú àkójọ, mo kọ lẹ́tà àjọ̀dún sí wọn. Àwọn kan bínú, wọ́n ní àwọn fi àdírẹ́sì yẹn sílẹ̀ fún rìsíìtì ni. Èyí tó dùn mí jù ni pé lẹ́yìn rẹ̀, ìsọfúnni pé aṣọ ti kúrò ní Abẹ́òkúta, tí oníbàárà ń retí lójú méjèèjì, náà bẹ̀rẹ̀ sí í já sínú spam. Ó gbà wá ní oṣù díẹ̀ ká tó bọ́.

Bó ṣe yẹ kó rí nìyí: àyè kékeré kan lẹ́bàá bọ́tìnì ìsanwó, "Ẹ máa jẹ́ kí n mọ̀ tí aṣọ tuntun bá dé," tí oníbàárà fúnra rẹ̀ á fi àmì sí. Ẹ má fi àmì náà síbẹ̀ dè é. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti dá a lẹ́jọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2019, nínú ẹjọ́ Planet49, pé àmì tí wọ́n ti fi síbẹ̀ ṣáájú kì í ṣe ìgbàṣẹ. Òfin Ìlú Ọba fàyè díẹ̀ gbà: ẹ lè kọ̀wé sí ẹni tó ti ra nǹkan lọ́wọ́ yín nípa ọjà tó jọ ọ́, bí ẹ bá ti fún un láyè láti kọ̀ nígbà tó ń rà á, tí ẹ sì ń fún un láyè bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo lẹ́tà. Amẹ́ríkà kò béèrè àṣẹ ṣáájú, àmọ́ òfin wọn ti 2003 ní kí àdírẹ́sì ibi tí lẹ́tà orí ìwé lè bá yín wà nínú íméèlì náà, kí ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ yọ òun sì kúrò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Ẹni tó ń tajà sí ìlú mẹ́ta, òfin èyí tó le jù ni kó tẹ̀ lé.

Àwọn tó gba ibí wọlé kì í pọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sanwó rí, wọ́n sì máa ń tún un san.

Méjì tó kù

Ìbéèrè-mọ-ara-ẹni, irú bíi "Irú àdìrẹ wo ló yẹ yín?" tí èèyàn á dáhùn kó tó fi íméèlì gba èsì, dùn mọ́ àwọn ọ̀dọ́, ó sì ń jẹ́ kí ẹ mọ ohun tí oníbàárà fẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ tó ń ṣe é sì ń gba owó oṣooṣù. Mi ò rò pé ó yẹ kẹ́ni kẹ́ni fi í bẹ̀rẹ̀.

Èkejì ni káàdì kékeré tó ní àmì QR, tó ń gbé èèyàn lọ sójú ewé fóòmù. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi í sínú gbogbo àpò aṣọ, ó sì ń gbé e sórí tábìlì tó bá ní ìpàtẹ. Ìwé àkọsílẹ̀ tí a ń gbé kiri tẹ́lẹ̀ ń fún wa ní ìṣòro: a kì í lè ka ọwọ́ àwọn èèyàn, "l" dà bí "1", lẹ́tà sì ń padà. Pẹ̀lú QR, oníbàárà ló ń tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Owó ìtẹ̀wé nìkan ló ń ná wa.

Èyí tó wù kẹ́ ẹ mú, ẹ lè ní kí ẹni tó forúkọ sílẹ̀ kọ́kọ́ tẹ línǹkì kan nínú íméèlì rẹ̀ kó tó wọnú àkójọ. Ẹ máa pàdánù àwọn kan tí wọ́n gbàgbé láti tẹ̀ ẹ́. Fún pop-up àti ẹ̀dínwó, ẹ lò ó dandan, torí ibẹ̀ ni àdírẹ́sì irọ́ pọ̀ sí. Fún àyè ìfàmìsí níbi ìsanwó, ẹ lè fi í sílẹ̀. Ẹni tó ń retí rìsíìtì kì í sábà kọ íméèlì rẹ̀ ní àṣìkọ.

Ta ni kó mú èwo?

Olùtajà tó ń fi ọwọ́ ṣe ọjà, tí ọjà rẹ̀ sì níwọ̀n, kó mú àyè ìfàmìsí níbi ìsanwó àti káàdì QR, kó sì fi rírí aṣọ tuntun ṣáájú ṣe ìlérí. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń lò lónìí nìyẹn, àfi ojú ewé méjì lórí ìtọ́jú ẹ̀lú tó fi kún un. Pop-up ti kúrò lórí ìkànnì rẹ̀.

Ẹni tó ń ta ohun tí ń tán kíákíá, tí èrè orí rẹ̀ sì lè gbà á, kó lo ẹ̀dínwó lẹ́ẹ̀kan fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú pop-up tó ń dúró kí àlejò wo ọjà díẹ̀ ná. Òun nìkan ni mo lè sọ fún pé kó fi pop-up ṣíwájú.

Olùkọ́, agbẹjọ́rò, nọ́ọ̀sì, ẹnikẹ́ni tó ń ta ìmọ̀, ẹ̀bùn ọlọ́jọ́ méje ni tirẹ̀. Ó le láti ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ tó bá ti ṣe é tán, ọdún dé ọdún ló máa ń ṣiṣẹ́. Bí àkókò ò bá sí, ọjọ́ mẹ́ta dára ju PDF kan lọ.

Òǹkọ̀wé tó ń wá àwọn tó máa ka òun, fóòmù ìparí ìtàn ti tó o. Kó ní sùúrù. Tí ìtàn kan bá ti gba èrò ju àwọn yòókù lọ, kó ṣe ẹ̀bùn kan tó bá ìtàn yẹn nìkan mu, kó gbé e sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí àyípadà tó pọ̀ jù lórí ìkànnì tèmi.

Ẹni tí àlejò rẹ̀ kò tíì tó mẹ́wàá lóòjọ́, kó má fi owó sórí irinṣẹ́ kankan. Fóòmù kan àti apá ọ̀fẹ́ ti tó o, kó fi àkókò tó kù wá ohun tí èèyàn á wá kà.

Ẹni tí kò sì tíì mọ ohun tó fẹ́ kọ sí wọn lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó dúró ná. Kó kọ lẹ́tà mẹ́ta sílẹ̀ kó tó gba àdírẹ́sì àkọ́kọ́. Bí mẹ́ta yẹn bá ṣòro fún un láti kọ, WhatsApp tó ń lò ṣì lè tó o fún ìgbà díẹ̀ sí i, kó ṣáà ti ní nọ́ńbà àwọn oníbàárà rẹ̀ nínú ìwé kan níbòmíràn.